Essential oil nínú ìpara ètè tí a máa pín ní Ojúde Ọba: ẹ̀kán mélòó ló tó?

ỌmọÌtaỌṣù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń po ìpara àti ọṣẹ. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kí n tó gbé ìkòkò kaná.

Ẹgbẹ́ régbérégbé màmá mi ní kí n bá àwọn ṣe ìpara ètè tí wọ́n máa pín fún àlejò wọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Agolo pẹlẹbẹ kékeré ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gíráàmù 10, agolo 120 ni wọ́n sì fẹ́. Wọ́n ti ra agolo, wọ́n ti tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí ìdérí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì bá aṣọ wọn mu. Ohun tó máa wọ inú rẹ̀ ló kù.

Òrí wà nílẹ̀, Ṣakí ló ti wá, kò ní òórùn èéfín. Àdín àgbọn wà, ìda oyin náà wà. Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni ti essential oil, ìyẹn ògidì òróró olóòórùn tí wọ́n ń yọ lára ewé, èèpo àti èso. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi ìgò mẹ́ta ránṣẹ́: peppermint, ọsàn wẹ́wẹ́ àti cinnamon. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni màmá mi fẹ́, ó ní òórùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Cinnamon ni àwọn àbúrò mi fẹ́, torí wọ́n gbọ́ pé ó máa ń mú kí ètè wú díẹ̀, kó pọ́n, kó sì dán. Nínú fídíò tí mo wò, ẹ̀kán 10 ni obìnrin náà kán sínú agolo kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ní 3. Ẹlòmíràn tún ní bó bá ṣe wù mí ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀kán mélòó ló tó? Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ ètè? Aboyún máa wà níbẹ̀, ìyá àgbà máa wà níbẹ̀, ọmọdé náà á sì ti ọwọ́ bọ agolo ìyá rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe màmá mi lọ́jọ́ kejì pé ètè ń ta òun.

Ìyá Alọ́ṣẹ Ṣágámù

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó gbé e kaná. Ìtòsí Sábó ni mo ń gbé ní Ṣágámù, ọṣẹ àti ìpara ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni màá ṣe sọ ọ́ fún ọ.

Ohun tí o bá fi pa apá, ara apá ló máa wà. Èyí tí o bá fi pa ètè, inú ló ń lọ. Ẹni náà á lá a, á bá a jẹ ìkọ́kọrẹ́, á bá a mu omi, á tún òmíràn pa. Awọ ètè tún fẹ́lẹ́ púpọ̀, kò sì ní ọ̀rá tirẹ̀ tó ń sun jáde bíi ti iwájú orí. Ohun tí ẹsẹ̀ máa gbà tí kò ní fọhùn, ètè á ké. Torí náà, ìwọ̀n òróró olóòórùn tí a ń fi sínú ìpara ara, a kì í gbé e wá sínú ti ètè.

Ẹ̀kán kò ṣeé gbára lé. Ẹnu ìgò kan fẹ̀, ti èkejì há. Òróró kan ń ṣàn, òmíràn ki. Mílílítà 1 lè jẹ́ ẹ̀kán 20, ó sì lè jẹ́ 30. Gíráàmù ni kí o fi máa ṣírò. Lórí ètè, mi ò jẹ́ kó kọjá ìdá 1 nínú 100, ìdajì rẹ̀ ló sì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Agolo rẹ gba gíráàmù 10. Ìdá 1 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.1, ìyẹn bí ẹ̀kán 2 sí 3. Tí a bá dá ìyẹn sí méjì, ẹ̀kán 1 àti díẹ̀ ni. Obìnrin inú fídíò tó kán 10 sínú agolo kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdá 4 nínú 100. Ètè tirẹ̀ lè gbà á. Ètè tó ti là tẹ́lẹ̀ kò ní gbà á.

Agolo 120, gíráàmù 1,200 ni gbogbo rẹ̀. Òróró olóòórùn tí o máa lò fún odindi ìkòkò náà kò ju gíráàmù 6 lọ. Ìgò mílílítà 10 kan kò ní tán. Tí o kò bá ní òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, ra sìríńjì lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, kí o yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Gíráàmù 6 peppermint, díẹ̀ ló fi dín ní mílílítà 7.

Ó wá ku ọsàn wẹ́wẹ́. Fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ òróró rẹ̀. Wọ́n lè fún un jáde lára èèpo tútù, wọ́n á kọ cold pressed tàbí expressed sára ìgò. Wọ́n sì lè fi ooru omi yọ ọ́, wọ́n á kọ distilled. Èyí tí wọ́n fún jáde lára èèpo máa ń gbé ohun kan tó ń jẹ́ furanocoumarin dání. Nínú yàrá, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá wà lára awọ tí oòrùn sì pa á, ìtànṣán oòrùn á ru ú sókè, á sì jó awọ náà. Kò ní jó o lójú ẹsẹ̀ kí o lè mọ ohun tó fà á. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí ibẹ̀ tó pọ́n, kó lé ròrò, tó bá sì jinná, á di àpá dúdú tó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àní fún oṣù.

Ìwọ náà mọ Ojúde Ọba. Láti àárọ̀ ni ẹgbẹ́ ti máa ń tò síta, ẹlẹ́ṣin á máa kọjá, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ kúrò lójú oòrùn títí ẹgbẹ́ tirẹ̀ á fi jó dé iwájú ọba. Inú oòrùn yẹn gan-an ni màmá rẹ fẹ́ kí wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ètè. IFRA, àjọ àgbáyé tó ń gbé òfin kalẹ̀ lórí òórùn àti lọ́fínńdà, ní kí òróró ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún lára èèpo má kọjá ìdá 0.7 nínú 100 nínú ohun tí a ń pa sára tí a kò ní fọ̀ kúrò. Ti bergamot, irú ọsàn kan, tún kéré sí i, 0.4 ni. Òótọ́ ni pé gíráàmù 6 rẹ kò ní kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpara ètè kì í ṣe ohun àpalẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pa á, wọ́n á tún un pa, oòrùn á sì wà lórí wọn. Èmi kò ní gbé e fún ìyá ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ distilled ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ, wàhálà oòrùn kò sí nínú ìyẹn. Lọ ka ìgò náà dáadáa.

Cinnamon, má fi sí i rárá. Ètè tó ń wú tó sì ń pọ́n yẹn, ara ló ń bínú. Cinnamaldehyde tó wà nínú èèpo igi rẹ̀ ló ń ta á. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè máa kọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ayé, ọṣẹ ìfọyín àti ṣingọ́ọ̀mù tó ní cinnamon nínú á di èèwọ̀ fún un. Ọmọbìnrin kan tó máa ń ra òrí lọ́dọ̀ mi lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Etí ètè rẹ̀ yí ká ló bó, ó ń yún un, ata kékeré kò ṣeé fi sẹ́nu. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó ti pa ìpara náà tì kí ó tó lè rẹ́rìn-ín láìjẹ̀rora. Kànáfùrù náà, má lò ó. Ẹni tí eyín ń dùn lè fi owú tọ́ ọ sí eyín. Èyí tí a ń pa láti àárọ̀ dalẹ́ yàtọ̀ síyẹn.

Peppermint ló kù, òun ni kí o lò fún àgbàlagbà.

Bí mo ṣe máa po tìrẹ rèé: ìda oyin gíráàmù 300, òrí 400, àdín àgbọn 488, fítámì E 6, peppermint 6. Ìda pọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo mọ̀. Àdín àgbọn ti ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru bíi 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ni pé omi ni yóò jẹ́ ní Ìjẹ̀bú láti òwúrọ̀ títí dalẹ́. Ìda oyin kò yọ́ àyàfi tí ooru bá kọjá 60, òun ló máa di gbogbo rẹ̀ mú nínú báàgì àwọn ìyá. Gbé abọ́ lé orí ìkòkò omi gbígbóná, má gbé e lé iná tààrà. Ìda ni kí ó kọ́kọ́ yọ́, kí òrí àti àdín tẹ̀ lé e. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, máa rò ó. Ìgbà tí etí abọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì ni kí o tó da fítámì E àti òróró olóòórùn sí i. Tí o bá dà á sí i nígbà tó ń hó, afẹ́fẹ́ ló máa gbé òórùn rẹ̀ lọ, ẹni tó ń rò ó á sì fà á símú títí orí á fi fọ́ ọ. Rò ó dáadáa, kó kárí. Tí kò bá kárí, agolo àkọ́kọ́ lè máà ní nǹkan kan nínú, kí ti ìkẹyìn sì máa ta ètè. Gbàrà tí o bá dà á tán, kó agolo sínú abọ́ omi tútù tàbí firíìjì, torí òrí tó bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tutù á ṣe kóró-kóró bíi gààrí lórí ètè.

Adé_Ìjẹ̀búIgbó

Màmá, ẹ kú làálàá, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ní ilé wa, ìyá wa àgbà kì í ra òróró inú ìgò. Ọsàn wẹ́wẹ́ gidi ni wọ́n máa ń là sí méjì, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á fi ra ètè kó lè pọ́n. Wọ́n tún máa ń se efinrin àti ewé tíì, wọ́n á po omi rẹ̀ mọ́ òrí. Ohun tí Ọlọ́run dá ni, kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀. Ṣé kò ní dára kí ọmọ yìí lo ìyẹn, kó fi ti inú ìgò sílẹ̀?

Ìyá Alọ́ṣẹ Ṣágámù

Adé, o ṣeun, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún ìyá yín àgbà. Mi ò ní bá wọn jà lórí ohun tí wọ́n ṣe nínú ilé tiwọn. Wọ́n mọ iye tí wọ́n pò, wọ́n mọ ìgbà tó máa tán, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n fi pa lára.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú òróró èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ara èso náà gan-an ló ti wá. Ẹni tó bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ètè tó sì jáde sójú oòrùn, ohun kan náà ló lè rí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọge tí ẹ ń rí tí etí ètè wọn dúdú kirikiri, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi wá ètè pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́run ló dá a, mo gbà. Òun náà ló dá wèrèpè.

Ti omi efinrin: omi àti òrí kì í bá ara wọn gbé. Ẹ rò ó títí, wọ́n á tún pínyà. Ibi tí omi bá sì wà nínú ìpara, ebu á wá síbẹ̀. Òrí tí ìyá yín pò, bóyá kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ló ti tán. Agolo 120 tó máa wà nínú báàgì àti àpótí fún oṣù mélòó kan, kí omi kankan má kàn án. Omi ọsàn, omi àgbo, oyin pàápàá, kò sí èyí tó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Àní abọ́ àti ṣíbí tí o máa fi rò ó gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ efinrin gan-an, kí ó sá ewé rẹ̀ títí á fi gbẹ kanrangandan, kó rì í sínú àdín àgbọn fún ọ̀sẹ̀ méjì kan, kó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Òórùn rẹ̀ máa rọ̀, kò ní le bíi ti inú ìgò. Ewé ni mò ń sọ o, ẹ má lọ ra òróró efinrin inú ìgò kán sí i. Thymol tó wà nínú rẹ̀ le púpọ̀ fún ètè. Òróró ewé tíì náà, citral ló pọ̀ nínú rẹ̀, ara ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà á.

Nọ́ọ̀sì_Ìlíṣàn

Màmá Alọ́ṣẹ, ẹ ṣeun gan-an ni. Iṣẹ́ ìyá àti ọmọ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọdé kún un, torí ó ń dùn mí.

Ọmọ jòjòló àti peppermint kò gbọdọ̀ pàdé. Menthol tó wà nínú rẹ̀, tó bá súnmọ́ imú ọmọ ọwọ́, ó lè sé èémí mọ́ ọn lọ́fun. Ohun kejì ni G6PD. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn ọmọkùnrin ló pọ̀ jù, ìyá wọn kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pariwo fún àwọn aboyún ní kíníkì pé kí wọ́n má fi káfúrà sáàárín aṣọ ọmọ, kí wọ́n má fi róòbù tàbí pàúdà oní-menthol pa ọmọ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè máa túká, ibà pọ́njú á sì gbé e dè. Ìyá ọlọ́mọ tó fi ìpara ètè oní-peppermint pa ẹnu, tó wá ń fi ẹnu kan ọmọ rẹ̀ lẹ́nu àti nímú, ó ti pa á fún ọmọ nìyẹn. Ẹ ya ti ìyá ọlọ́mọ sọ́tọ̀.

Aboyún: ìwọ̀n tí Màmá sọ kéré, kò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òórùn lásán máa ń rin ẹlòmíràn nínú oyún. Ẹ fún un ní èyí tí kò ní òórùn.

Ẹ má ṣe fojú kéré ìgò tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́. Inú agolo, gíráàmù díẹ̀ ti túká sínú gíráàmù 1,200. Inú ìgò, ògidì ni. Òróró eucalyptus tó tó ṣíbí tíì kan, tí ọmọ kékeré bá gbé e mì, gìrì lè mú un, ó sì lè dákú. Òróró wintergreen burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn rẹ̀ jọ ti ìpara gbígbóná tí a fi ń ra oríkèé. Ohun tí kò tó ṣíbí tíì kan lè pa ọmọ. Wintergreen àti camphor, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ rò ó pé òun máa fi sí ìpara ètè. Ẹ kó gbogbo ìgò sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Tí ọmọ bá ṣèèṣì mu ú, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Òróró tó ń padà bọ̀ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á tún sọ ọ̀rọ̀ náà di méjì. Ẹ gbé ọmọ, ẹ gbé ìgò náà dání, kí ẹ sì máa lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bọ́láńlé_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n o. Díẹ̀ ni tèmi. Àbúrò, lẹ ìwé kékeré mọ́ abẹ́ agolo kọ̀ọ̀kan, kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, àti oṣù tí o pò ó. Àlejò kan lè wà tí ara rẹ̀ kì í gba àgbọn tàbí ìda oyin, kò sì ní mọ̀ tí o kò bá kọ ọ́. Bákan náà, tí àwọn èèyàn bá fẹ́ràn rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí o máa tà á fáwọn, NAFDAC ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Ìpara tí a fẹ́ máa tà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà wọn.

ỌmọÌtaỌṣù, Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n Bọ́láńlé, ẹ̀gbọ́n Adé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Mo ti ka ara ìgò. Ti ọsàn wẹ́wẹ́, ohun tí wọ́n kọ ni Citrus aurantifolia, cold pressed. Ti cinnamon, bark ni wọ́n kọ. Mo ti kó méjèèjì sápá kan. Màmá mi gbà, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn, ó ṣì ń fẹ́ òórùn ọsàn. Ṣé ọ̀nà kan wà? Obìnrin kan tó ń ta èròjà kéèkì ní Òkè-Àjẹ ní òun ní fílàfọ̀ ọsàn, pé kí n wá gbé e. Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé peppermint yìí kì í ṣe àdàlù?

Ìyá Alọ́ṣẹ Ṣágámù

Dìde, ọmọ mi. Ọ̀nà wà fún màmá rẹ.

Ọsàn mímu, èyí tí a ń bó jẹ, ni kí o wá. Citrus sinensis ni wọ́n máa kọ sára ìgò rẹ̀. Cold pressed lòun náà, ṣùgbọ́n kì í bá oòrùn jà bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n ta Citrus aurantium fún ọ, ọsàn kíkan nìyẹn, òun àti oòrùn kò rẹ́. Ìgò tuntun ni kí o rà, kó jẹ́ ìgò dúdú, kí o wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Òróró ọsàn kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọ̀ ọ́, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ máa ń mú kí ara yún èèyàn. Tó bá ti ń rùn bí ọ̀dà, má lò ó. Má sì rọ ọ́ pa mọ́ sínú ike rárá, òróró wọ̀nyí máa ń jẹ ike.

Fílàfọ̀ kéèkì kò ní ṣe é. Omi tàbí ọtí ni wọ́n fi po èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, abẹ́ abọ́ ló máa dì sí, kò ní wọnú ìda. Èyí tí wọ́n kọ fragrance sí lára, tí àwọn alábẹ́là ń rà, kò wà fún ohun tí à ń lá.

Ti àdàlù: kán ẹ̀kán kan sórí ìwé funfun, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Peppermint tó mọ́ á fò lọ. Tí ojú ọ̀rá bá kù níbẹ̀ bí ìgbà tí àkàrà kan ìwé, wọ́n ti fi òróró mìíràn là á. Ìyẹn kò ní sọ gbogbo àṣírí fún ọ o, àwọn kan máa ń fi ohun tó ń fò là á. Ìgò tí kò ní orúkọ Látìn lára, tí owó rẹ̀ sì pọ́ọ́kú, má rà á.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí o ṣe torí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wa. Má po òróró olóòórùn mọ́ gbogbo ìkòkò. Nígbà tí ìda, òrí, àdín àti fítámì E bá ti wọnú ara wọn, kọ́kọ́ da agolo 20 nínú rẹ̀ láìfi òórùn kankan sí i. Ti aboyún, ti ìyá ọlọ́mọ àti ti ọmọdé nìyẹn. Kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé kò ní òórùn, kí o sì kó wọn sínú àpò ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà dà pọ̀. Ohun tó máa kù nínú abọ́ á jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1,000. Òróró olóòórùn tirẹ̀ á wá jẹ́ gíráàmù 5, kì í ṣe 6 mọ́: ọsàn 3, peppermint 2. Tó bá ti ń dì kí o tó parí àgolo 20 yẹn, gbé e padà sórí omi gbígbóná díẹ̀, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí o tó da òróró sí i.

Po díẹ̀ lára rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí o máa ṣe gbogbo rẹ̀. Fún gíráàmù 100, gíráàmù ààbọ̀ òróró olóòórùn ló máa gbà. Fi pa ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ ìwọ àti èèyàn méjì mẹ́ta, kí ẹ má fọ̀ ọ́ títí wákàtí 24 á fi kọjá, kí ẹ sì tún máa wò ó di ọjọ́ kejì. Tí kò bá yún, tí kò pọ́n, ẹ wá pa á sẹ́tè. Fi agolo kan nínú rẹ̀ sínú mọ́tò tó wà lójú oòrùn lọ́sàn-án, kí o wò ó bóyá ó ṣàn. Tó bá rọ̀ jù, yọ gíráàmù 40 nínú àdín àgbọn gbogbo rẹ̀, kí o fi ìda 40 dípò.

Tí o bá ti po ti ìdánwò náà, padà wá sọ fún wa bó ṣe rí. Bá mi kí màmá rẹ àti gbogbo ẹgbẹ́ wọn.